Ìpín Ajá àti Orúnkún Ìyábọ̀

Àgbà kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Ẹ̀yin ọmọ agboolé yìí, mo rí yín láàárọ̀ nígbà tí ẹ ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ẹ rí arúgbó tó ju ife ẹ̀kọ gbígbóná sílẹ̀, tó mú igi, tó ń lé ajá yín yí ilé ká nítorí òkú òyà kan tí ajá náà wọ́ bọ̀ láti inú igbó ẹ̀yìnkùlé. Èyí tó dàgbà jù nínú yín ní, “Bàbá Ìyábọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ẹran tó ti kú náà ni, ajá á bá wa tún ilẹ̀ ṣe.” N kò bínú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ̀yin kò rí ejò náà.

Mo ti sin òyà náà. Mo gbẹ́ ihò rẹ̀ jìn dé orúnkún mi, mo sì gbé òkúta mẹ́ta lé e lórí. Ajá wà lórí ìso. Ẹ jókòó báyìí, nítorí nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ ti bi mí láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹ kò bi mí.

Bàbá Ìyábọ̀ ni ẹ ń pè mí. Bí àwọn ìyá yín ṣe ń pè mí ni ẹ̀yin náà gbọ́ tí ẹ fi ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó wà ní Akúrẹ́ àti àwọn méjì tó wà ní Èkó. Kò sí Ìyábọ̀ nínú wọn. Kò sì sí ọ̀kan nínú yín tó dúró rí kó ní, “Bàbá, Ìyábọ̀ wo ni?”

Bí ẹ bá jí ní Isuada yìí lónìí, ìró ọ̀kadà ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, tàbí ti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń la igi. Ní ayé tiwa, láàárín ọdún 1984 sí 1987 tí mò ń wí yìí, bí ọyẹ́ bá ti mú, ohun tó ń jí wa ni ṣaworo ajá. Ṣaworo ni àwọn agogo wẹ́wẹ́ tí àwọn ọdẹ máa ń so mọ́ ajá lọ́rùn, kí wọ́n lè mọ ibi tó wà bó bá ti wọ inú koríko. Bí ajá bá ń rìn, á máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Bó bá gbóòórùn ẹran, á sinmi fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹran bá ta jáde, ṣaworo á pariwo bí ẹni da ẹ̀kúnwọ́ owó ẹyọ sínú agbada. Láti orí ibùsùn, èmi tí n kì í ṣe ọdẹ lè sọ fún yín pé ajá ti rí nǹkan, mo sì lè sọ pé ohun tó rí ti bọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ni ọdẹ. Ìyá kan náà ló bí wa, ó sì fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ. Bọ̀ọ̀dá Ọdẹ ni gbogbo ayé ń pè é. Èmi ka ìwé girama parí, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ra kòkó. Iṣẹ́ mi ni kí n gbé àpò lé òṣùwọ̀n, kí n sì kọ ìwúwo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí eṣinṣin bá bà lé àpò kòkó, n ó ní kí wọ́n lé e kí n tó kà á. Òótọ́ ni. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn.

Bọ̀ọ̀dá ní ajá méjì, Sùúrù àti Ayéńwò. Nígbà náà, a kì í déédéé sọ ajá lórúkọ. Ohun tí ẹnu ẹni kò gbà láti sọ lójú aládùúgbò, ajá ni a fi ń sọ ọ́. Ọkùnrin kan bá Bọ̀ọ̀dá jà nítorí ààlà oko, Bọ̀ọ̀dá sì sọ ajá rẹ̀ ní Ayéńwò. Bó bá ti rí ọkùnrin náà lókèèrè, á gbóhùn sókè: “Ayéńwò! Ayéńwò o! Máa bọ̀ wá jẹun!” Kò pẹ́, ọkùnrin náà ra ajá tirẹ̀, ó sọ ọ́ ní Jẹ́kómáawò. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì á dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọn á máa pe ajá títí oúnjẹ á fi tutù, gbogbo àdúgbò á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ìyábọ̀ ni àkọ́bí mi. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ìyá mi kú ni wọ́n bí i, ojú ìyá mi gan-an ló sì gbé wá sáyé, títí dé àlàfo tó wà láàárín eyín méjèèjì iwájú nígbà tó hu eyín. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kan ìdérí pákó sórí kànga, mo sì fi àgádágodo sí i. Omi tó ń mu, mo ń sè é, mo sì ń fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Bí a bá lọ sí Ọ̀wọ̀, n kì í jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá títì Akúrẹ́ sí Bìní. Èmi ni mo ń gbé e kọjá, kódà nígbà tó ti dàgbà tí ojú ń tì í.

Ní ọdún kan, a gbé e lọ wo Igógó ní Ọ̀wọ̀. Ẹ mọ̀ pé a kì í lu ìlù nígbà Igógó, agogo ni. Wọn kì í wé gèlè, wọn kì í sì í dé fìlà. Bọ̀ọ̀dá mú Ayéńwò dání lọ́jọ́ náà, ó fi okùn sí i lọ́rùn. Bí agogo ṣe ń dún ni ajá gbé etí sókè. Ó rò pé ọdẹ ló dé! Ó já okùn mọ́ Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́, ó kó sáàárín àwọn tó ń jó, ó ń fimú fa ilẹ̀, ó ń wá òyà láàárín ẹsẹ̀ àwọn ìjòyè. Bọ̀ọ̀dá ń sá tẹ̀lé e, orí rẹ̀ tó ti pá ń dán nínú oòrùn nítorí kò dé fìlà. Ìyábọ̀ wà lọ́rùn mi, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi tọ̀ sí mi lọ́rùn. Mo ṣì ń gbóòórùn rẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko bá ti gbẹ, gbogbo ọdẹ á kóra jọ, wọn á ti iná bọ ẹ̀gbẹ́ igbó kan, wọn á sì tú ajá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tí kì í ṣe ọdẹ bí èmi náà á mú àdá lọ. Ẹran tí a bá pa ní òfin. Orí jẹ́ ti ẹni tó yìnbọn, apá kan jẹ́ ti olówó ajá, ìfun àti ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ti ajá, ojú ẹsẹ̀ ni a sì ń fún un. Òfin kan tún wà tó ju gbogbo wọn lọ. Òkú ẹran tí ajá bá fúnra rẹ̀ rí nínú igbó, tí ọwọ́ ènìyàn kankan kò pa, odindi rẹ̀ jẹ́ ti ajá. Ìpín ajá ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá já a gbà lẹ́nu rẹ̀ ti ba imú ajá náà jẹ́. Wọ́n ní kò ní ṣọdẹ fún un mọ́ láéláé. Ọdẹ tí ebi ń pa kò jẹ́ fọwọ́ kan ìpín ajá.

Ó jẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 1987, ní igbó tó wà láàárín wa àti Ipele. A ti pa òyà mẹ́rin. A ń sinmi lábẹ́ igi ìrókò kan nígbà tí ṣaworo Ayéńwò dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó jáde, ẹtà ló wà lẹ́nu rẹ̀, òkú ẹtà tó ti le ganringanrin. Ó dùbúlẹ̀ tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á ya.

Ara mi kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta ṣáájú, mo ti rí ẹtà kan lójú ọ̀nà oko ní ọ̀sán gangan, ẹranko tí kì í jáde ní ọ̀sán. Kò sá fún mi. Ó ń ṣubú, ó ń dìde bí ẹni tí ọtí ń pa, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá,” ni mo wí, “ẹ jẹ́ kí a gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹran tó kú fúnra rẹ̀, nǹkan kan ló pa á.”

Bọ̀ọ̀dá kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Akọ̀wé, ṣé o fẹ́ gbé ẹtà lé òṣùwọ̀n ni?”

Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín.

“Mo rí i lójú ọ̀nà níjẹta. Ara rẹ̀ kò dá.”

“Ìwọ tí o ń ti ilẹ̀kùn mọ́ kànga! Ta ni ara rẹ̀ dá lójú tìrẹ?” Ó wá gbójú sókè, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn mi. “Àbúrò mi, ìpín ajá ni. Fi í sílẹ̀.”

Ọ̀kan nínú wọn tún fi kún un pé, “Bàbá Ìyábọ̀, bá a sè é, kí o fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ!” Ẹ̀rín tún bú. Bọ̀ọ̀dá ló pọ̀n mí sẹ́yìn lọ sí ilé ìwé nígbà tí bàbá wa kú. N kò lè bá a jà lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Mo jókòó, mo ń gbọ́ bí egungun ẹtà náà ṣe ń fọ́ lẹ́nu ajá. Nígbà tó parí, ó yà sọ́dọ̀ mi, ó ń ju ìrù, mo sì rí ẹ̀jẹ̀ níbi tí egungun ti gé èrìgì rẹ̀.

Nígbà tó yá, dókítà kan sọ fún mi pé òun kò lè búra pé ẹtà yẹn ló kó àrùn ran ajá náà. Ajá lè bá ẹranko mìíràn jà níbi tí ojú wa kò tó. Ṣùgbọ́n ó ní bí ẹran bá ní àrùn náà nígbà tó kú, tí ajá tó ní ọgbẹ́ lẹ́nu jẹ ẹ́, àrùn lè gba ibẹ̀ wọlé. Èmi kò mọ òmíràn. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Ìyábọ̀ sáré ṣáájú wa kí ó lè bọ́ bàtà tó ń há a lẹ́sẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Ó ṣubú sórí òkúta pupa tó wà níwájú ilé, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ sì bó, fífẹ̀ rẹ̀ tó ìka méjì mi. Mo gbé e lé orí àga, mo ń wá omi àti ọṣẹ. Kí n tó dé, Ayéńwò ti wá, ó sì ń lá ojú egbò náà. Ìyá rẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ sókè láti lé e.

Èmi ni mo sọ pé, “Fi í sílẹ̀.”

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Èmi tí mo ń se omi. Mo ní, “Fi í sílẹ̀, itọ́ ajá oògùn egbò ni. Ìyá mi kì í fi nǹkan mìíràn wo egbò wa.” Gbogbo wa ló gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ajá ń lá egbò ara rẹ̀, ó sì ń jiná. Ìyábọ̀ da ẹkún pọ̀ mọ́ ẹ̀rín. “Bàbá mi, ahọ́n rẹ̀ ń họ mí!” Mo gbé omi àti ọṣẹ padà sílé. Mo ṣì rántí pé mo dá ọṣẹ náà padà sínú páálí rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, ohùn Ayéńwò yí padà, ó dà bí ẹni tí egungun há lọ́nà ọ̀fun. Ó ń jẹ igi ìdáná. Ó lọ sá pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò omi, nígbà tí Bọ̀ọ̀dá sì na oúnjẹ sí i, ó bù ú jẹ lọ́wọ́, ajá tí kò kùn mọ́ ọn rí. Ó jáde, ó bu Màmá Rísí, aládùúgbò wa, jẹ ní iṣan ẹsẹ̀ níbi tó ti ń fọ ẹyìn. Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ ló yìnbọn pa á. Ó ń sunkún bó ṣe ń yìn ín.

Ẹnì kan ní, “Ẹ má jẹ́ kí ẹran ṣòfò. Ata ló kù.” Ẹ mọ̀ pé lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń rí ajá tí kò ronú ọbẹ̀. Mo dúró lórí òkú ajá náà pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. “Dìgbòlugi ni,” ni mo wí. “Mo kà á nínú ìwé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.” Mo sin ín. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá àti ẹsẹ̀ Màmá Rísí, mo sì kó àwọn méjèèjì sínú pikọ́ọ̀pù tó ń kó kòkó, ó di ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀. Ọjọ́ náà, gbogbo Isuada ló yìn mí. Wọ́n ní ìwé tí mo kà kò lọ lásán.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá, obìnrin pẹ̀lẹ́ kan ni. Ó ṣàlàyé ọjọ́ abẹ́rẹ́, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Kì í ṣe ẹni tó bù jẹ nìkan o, Bàbá. Ẹnikẹ́ni tí itọ́ ajá náà bá kan egbò lára rẹ̀, ẹ mú òun náà wá.” Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Mo fa ìlà sí i nídìí. Ìwé náà wà nínú àpótí mi títí di òní, ìkọ̀wé mi sì dára.

Ikùn ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ náà sí láyé ìgbà yẹn, mẹ́rìnlá, ọ̀kan lójúmọ́. Bọ̀ọ̀dá mi tó ti dúró de ìmàdò rí láìsá, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń ké pé, “Àbúrò mi, sọ fún wọn pé ó ti tó!”

Mo dé ilé, mo ka ohun tí mo kọ fún ìyàwó mi bó ṣe ń ro ọkà lórí iná. Ó dáwọ́ dúró.

“Bàbá Ìyábọ̀, Ìyábọ̀ ńkọ́? Ajá yẹn lá a lórúnkún.”

“Sọ́ńdè nìyẹn. Ara ajá ṣì dá lọ́jọ́ náà.”

“Ohun tí ẹ kà fún mi kò yọ ìgbà tí ara ajá dá sílẹ̀.”

Mo pe ọmọ náà. Mo ká aṣọ rẹ̀ sókè. Egbò náà ti gbẹ, èépá rẹ̀ ti ń ká létí, awọ tuntun sì ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

“Wò ó,” ni mo wí. “Ó ti jiná. Bí itọ́ yẹn bá burú, ṣé yóò jiná?”

Ìyá rẹ̀ tún gbá omorogùn mú.

“Abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá, Màmá Ìyábọ̀. Nínú ikùn yìí?” Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi lé ikùn ọmọ náà, ó bò ó tán. “O kò gbọ́ bí Bọ̀ọ̀dá ṣe ké.”

Ó ro ọkà náà tán. A jẹun. Gbogbo ohun tó lè pa ọmọ mi lára ni mo ti ń dènà rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Lọ́jọ́ náà, mo dènà abẹ́rẹ́.

Òjò àkọ́rọ̀ pẹ́ lọ́dún náà. Kí ó tó rọ̀, Ìyábọ̀ wá bá mi ní ibi iṣẹ́, ó ní, “Bàbá mi, orúnkún mi ń yún mi.” Mo wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju àpá tó ń dán lọ. Mo fi òróró àgbọn pa á. Ní ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ gbóná. A rò pé ibà ni, a fún un ní oògùn ibà, èyí tó korò. Ó gbé e sẹ́nu, ó gba ife omi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì fún mọ́ ọn. Ó ju ife náà nù. Ojú rẹ̀ tóbi. Kò mọ ohun tó dé. Ó tún gbìyànjú, ó tún ju ife nù.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni òjò dé. Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn gígùn: gbogbo àwọn ọmọ wà níta, wọ́n ń kọrin, àwọn ìyá ń gbé abọ́ sábẹ́ òrùlé. Inú gbogbo Isuada dùn. Ìyábọ̀ tó máa ń ṣáájú wọn jáde, abẹ́ ibùsùn ló wà, ó di etí rẹ̀ méjèèjì. Ó ń sọ fún mi pé, “Bàbá mi, ẹ bá mi lé omi yẹn lọ. Ẹ lé e lọ.”

Ẹ̀yin ọmọ, mo jáde. Mo dúró nínú òjò náà. Mo ń gbé àwọn abọ́ kúrò lábẹ́ òrùlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìró rẹ̀ lè dín kù.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. “Ṣé ajá kankan bù ú jẹ?”

“Rárá.”

“Ṣé ó lá a ní egbò?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ó tó ọjọ́ mélòó?”

“Ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta,” ni mo wí. N kò ní láti ronú.  Dókítà ní bí àmì rẹ̀ bá ti yọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́, àfi kí wọ́n mú kí ara tù ú. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ títí ọjọ́ kẹta. Ó mọ̀ mí títí dé òpin. Ó ń pè mí, ó sì ń fi ahọ́n lá ètè rẹ̀.

A ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Tèmi kò dúró lẹ́yìn. Iwájú mi ló ń rìn, mo sì ń tẹ̀lé e. Màmá Ìyábọ̀ bí ọmọ mẹ́ta sí i fún mi, ó gbé pẹ̀lú mi títí tó fi dolóògbé, kò sì sọ ọ́ rí lọ́jọ́ kan pé, “Ṣebí mo wí fún yín.” Bó bá sọ ọ́ ni, ǹ bá rí nǹkan dáhùn. Bọ̀ọ̀dá àti Màmá Rísí, abẹ́rẹ́ gbà wọ́n là. Wọ́n dàgbà, wọ́n darúgbó. Ní ọjọ́ tí a sin ọmọ náà, Bọ̀ọ̀dá tú ṣaworo lọ́rùn Sùúrù, ó gbé e kọ́ sábẹ́ àjà, kò sì wọ igbó mọ́. Ó ní, “Àbúrò mi, ìwọ rí i. Èmi ni mo ní kí o fi í sílẹ̀.” N kò sọ fún un pé èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Àwọn mìíràn ṣì ń ṣọdẹ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi májèlé sínú iṣu pa òyà tó ń jẹ oko wọn. Ajá ń rí òkú òyà, wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún un nítorí ìpín rẹ̀ ni, ajá sì ń kú lójú ọ̀nà. Jẹ́kómáawò kú bẹ́ẹ̀. Igbó náà sì fà sẹ́yìn, ó di ilé. Kí ọdún 1999 tó parí, kò sí ṣaworo kankan mọ́ ní Isuada. Nígbà mìíràn tí ọyẹ́ bá mú, mo máa ń jí ní ìdájí, mo máa ń dẹtí sílẹ̀ fún un. Ẹ ṣàánú mi. Ohun tó kó ìbànújẹ́ bá mi ni mo ń ṣàárò.

Lónìí, wọn kì í gún ikùn mọ́, apá ni, kò sì pọ̀ bí ti ìgbà náà. Abẹ́rẹ́ wà fún ajá fúnra rẹ̀. Ọ̀la ni a ó mú tiyín lọ gbà á; n ó bá yín lọ. Bí ajá bá wọ́ òkú ẹran wálé, ẹ má fọwọ́ gbà á, ẹ má sì fi í sílẹ̀ fún un. Ẹ pè mí. Bó bá bù yín jẹ, tàbí tó lá yín lójú egbò, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ẹ fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ á fi ro yín, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn, lójú ẹsẹ̀. Bí ara ajá bá tilẹ̀ dá, ilé ìwòsàn náà ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́, ẹ wá di ọwọ́ mi mú, kí ẹ sì ké.

Ajá yẹn ti ń bá yín ṣeré láti àná, kí n tó rí òyà náà lẹ́nu rẹ̀. N kò mọ iye ìgbà tó ti jẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ dìde. Ẹ tò sí ojú kan níbí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ ká ṣòkòtò yín sókè, ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbé etí aṣọ yín sókè dé orúnkún. Ẹ na ọwọ́ yín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹni tó kéré jù. Bí mo bá rí egbò, ẹ má sọ fún mi pé ó ti jiná.